Ta Ló Ní Ká Má Sọ Yorùbá Mọ́? Àlàyé Lórí Òfin Èdè fún Àlejò ní Ìlú Ọba

Màmá Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, irú èyí tó ti gba ọwọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹni. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ò dárúkọ ara rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ dá a lójú. Ó ní ìjọba Ìlú Ọba ti gbé òfin tuntun jáde, pé ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ èdè abínibí rẹ̀ nínú ilé ò ní rí páálí, ìyẹn ìwé ìgbélùú, gbà. Ó ní wọ́n á máa bi àwọn ọmọ ní ilé ìwé pé, "Èdè wo ni màmá yín ń bá yín sọ?" Ó wá fi "ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn yín" kádìí rẹ̀. Kí n tó gbọ́ ọ tán, Màmá ti pe ọmọ wọn obìnrin ní Manchester pé kó yáa jáwọ́ nínú Yorùbá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ obìnrin yẹn ò kúkú dá a sọ látinú afẹ́fẹ́. Òfin èdè yí padà lóòótọ́. Ohun tó yí padà gan-an ni kò yé e, kò sì yé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta tí wọ́n ń pè lórúkọ kan ṣoṣo

Tí olóṣèlú ibẹ̀ bá dìde pé kí àlejò mú ara rẹ̀ bá ìlú mu, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà lọ́kàn rẹ̀.

Èkíní ni gbígbọ́ èdè: kí o sọ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì yé ọ. Hausa tó ń ta súyà ní Bódìjà gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń fi bú èèyàn, Hausa náà ló sì ń jẹ́.

Ìkejì ni ìbágbé: kí o ṣiṣẹ́, kí o san owó orí, kí o mọ aládùúgbò rẹ, kí o mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Èyí dà bí àdàlú. Ẹ̀wà àti àgbàdo jọ wà nínú ìkòkò kan, wọ́n jọ jinná, epo kan náà ló pa wọ́n lára. Síbẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀wà, ó mọ èyí tó jẹ́ àgbàdo.

Ìkẹta ni yíyòrò. Iyọ̀ la fi wé èyí: ó wọ inú ọbẹ̀, ó yòrò, kò sẹ́ni tó lè fi síbí bù ú jáde mọ́. Kí o gbàgbé èdè rẹ, kí o yí orúkọ padà, kí ọmọ rẹ má mọ ibi tó ti wá.

Òfin ìwọ̀lú Ìlú Ọba ń béèrè èkíní, ó sì fẹ́ rí ìwé ẹ̀rí. Ó ń fi ìdánwò kékeré kan yọjú sí ìkejì. Ìkẹta ò sí nínú rẹ̀. Ẹnu èèyàn ló wà. Mímú ìkẹta mọ́ èkíní ló ń da orí àwọn èèyàn wa rú.

A1, B1, B2: kí ni gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí?

Àtẹ̀gùn mẹ́fà ni wọ́n fi ń wọn bí èèyàn ṣe gbọ́ èdè sí ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ará Ìlú Ọba sì ń lò ó fún físà: A1, A2, B1, B2, C1, C2.

A1 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà. Ó lè kí èèyàn, ó lè béèrè èló, ó lè sọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀, bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bá rọra ń sọ ọ́. A2 ti lè ná ọjà, ó sì lè béèrè ọ̀nà. B1 lè ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀ ìdí tó fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kó ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. B2 ni ẹni tí káńsù kọ lẹ́tà sí pé ó jẹ gbèsè, tó kà á, tó rí i pé ìṣirò wọn ò pé, tó sì kọ èsì tó mú kí wọ́n tọrọ àforíjì. C1 ni alága ìjókòó: ọ̀rọ̀ ò wọ́n ọn, àwàdà ò wọ́n ọn, ó mọ ìgbà tó yẹ kó fi òwe gún ẹbí ọkọ lára. C2 tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé gan-an ò dé ibẹ̀.

Fún ẹni tó mọ IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń ṣe, máàkì 4.0 nínú apá kọ̀ọ̀kan ni B1, 5.5 nínú apá kọ̀ọ̀kan sì ni B2. Apá mẹ́rin ni: kíkà, kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ. Ẹni tó bá gba 7 nínú mẹ́ta, tó wá gba 5 nínú kíkọ, kò tíì dé B2. Ibí yìí ló ń ká ọ̀pọ̀ èèyàn wa mọ́.

Kí ló yí padà, ta ló sì kàn?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2025 ni ìjọba Keir Starmer, olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, gbé ìwé ètò kan síta lórí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò, ọ̀rọ̀ èdè sì wà lára ohun tó gbájú mọ́ jù. Èyí tó ti di òfin nínú rẹ̀ nìyí: láti ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2026, ẹni tó bá ń béèrè físà òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker, fún ìgbà àkọ́kọ́, gbọ́dọ̀ dé B2. B1 ni tẹ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un, àmọ́ àtẹ̀gùn yẹn ga. Òun ló wà láàárín ẹni tó lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ àti ẹni tó lè dá káńsù lóhùn.

Ìyàwó tàbí ọkọ tó ń lọ bá ẹnì kejì rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí onípáálí ní ọ̀nà tirẹ̀: A1 láti wọlé, A2 nígbà tó bá fẹ́ tún físà ṣe, B1 nígbà tó bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú gbére, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní "indefinite". Sísọ àti gbígbọ́ nìkan ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀. Kò sí kíkọ, kò sí kíkà.

Mo bá ìyá kan múra fún ìdánwò B1 yìí. Ó ti ń fọ ọ́fíìsì fún ọdún mélòó kan ní London, aago mẹ́rin ìdájí ló ń jáde nílé, ẹ̀rù ìdánwò sì bà á débi pé ó ń gbààwẹ̀. Èyí tó yàn yìí ò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: ìwọ fúnra rẹ lo máa mú kókó kan wá tí o fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, olùdánwò á bi ọ́ ní ìbéèrè, ẹ ó sì jọ tàkúrọ̀sọ díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà àbáwọlé sínú ilé aṣòfin, nítorí ẹnì kan sọ fún un pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn irú ẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù?" Ó ní ẹ̀fọ́ rírò. Bá a ṣe mú ẹ̀fọ́ rírò nìyẹn. Nígbà tó jáde, ó ní olùdánwò bi òun pé bí kò bá sí ata ńkọ́. Ó ní òun wò ó lójú, òun sì ní irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí nílé òun. Ó yege.

Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 kì í ṣe ìdánwò èdè nígbà tó bá ń béèrè ìwé ìgbélùú gbére tàbí ìwé ọmọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àti ẹni tí àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́ ò jẹ́ kó lè ṣe é.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìjọba dá lábàá lọ́dún 2025: kí wọ́n gbé èdè ìgbélùú gbére kúrò ní B1 sí B2, kí ọdún márùn-ún tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń dúró di mẹ́wàá, kí ìyàwó tàbí ọkọ tó bá òṣìṣẹ́ wá náà máa mú A1 lọ́wọ́ wọlé. Ẹ ya àbá sọ́tọ̀ kúrò lára òfin. Bí ẹnì kan bá ní "wọ́n ti ṣe é", ẹ bi í ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ wò ó lórí ìkànnì ìjọba fúnra yín.

Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì la fi kàwé, kí ló dé tí wọ́n tún ń dán wa wò?

Ìbéèrè tó ń bí èèyàn nínú jù nìyí, inú sì lè bí èmi náà. Ìwé òfin wa, Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹjọ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì. WAEC wa, Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó tó gbé èdè náà wá bá wa ló tún ń gba owó lọ́wọ́ wa láti mọ̀ bóyá a gbọ́ ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà níbẹ̀, ní àkójọ orílẹ̀-èdè kan tí wọn kì í dán ọmọ ibẹ̀ wò. Jàmáíkà wà níbẹ̀, Barbados, Guyana, Kánádà, Amẹ́ríkà, Ọsirélíà. Nàìjíríà ò sí, Gánà ò sí, Íńdíà ò sí. Kì í ṣe èdè ìjọba ni wọ́n ń wò. Ohun tí wọ́n ní àwọn ń wò ni bóyá èyí tó pọ̀ jù nínú ará ìlú ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kọ́ wọn. Àwa sì rèé, Yorùbá, Ìgbò, Hausa, Tífì, Ẹ̀dó ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kígbe bí iná bá jó wa. Lójú tiwọn, ẹ̀rí nìyẹn.

Àmọ́ ẹ wo Málítà. Èdè Málítà ni wọ́n ń sọ nínú ilé níbẹ̀, síbẹ̀ ó wà nínú àkójọ náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè dá àwọn ọmọ Nàìjíríà tó pariwo lórí IELTS lẹ́bi.

Ọ̀nà àbáyọ wà fún ẹni tó bá gboyè ní yunifásítì. Bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ, Ecctis, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò fún wọn, lè jẹ́rìí pé oyè náà bá tiwọn dọ́gba àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìyẹn lè rọ́pò ìdánwò, kò sì ní ọjọ́ ìparí bíi ti IELTS tó jẹ́ pé ọdún méjì péré ló fi ń ṣiṣẹ́. Mo mọ àwọn tó ti ná owó IELTS lẹ́ẹ̀mẹta, tí oyè wọn wà nínú àpótí nílé.

Ìdánwò nípa ìlú ńkọ́?

Èyí ni Life in the UK. Ìbéèrè 24 lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú 45, o gbọ́dọ̀ gba 18. 50 pọ́n-ùn ni. Ẹni tó ń béèrè ìgbélùú gbére tàbí ìwé ọmọ ìlú ló ń ṣe é. Wọ́n lè bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ nípa Ọba Henry Kẹjọ àti ìyàwó rẹ̀ mẹ́fà. (Àwa tí a ní bàbá àgbà, ìyàwó mẹ́fà kọ́ ló máa yà wá lẹ́nu, orí tí ọba bẹ́ lára wọn ni.) Ìwé kan ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde. Ẹ kà á, ẹ yege, ẹ gbé e tì.

Níbo ni òfin ti ní ká pa Yorùbá tì?

Kò sí. Kò sí fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú kan tó ń béèrè èdè tí o fi ń kọrin fún ọmọ rẹ lálẹ́. Ilé ìwé máa ń béèrè èdè tí ọmọ ń sọ nílé lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni obìnrin inú ohùn yẹn ti rí tirẹ̀ mú. Kí wọ́n lè mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ń béèrè. Ní England, ó lé ní ọmọ kan nínú márùn-ún tó jẹ́ pé èdè mìíràn ló kọ́kọ́ gbọ́ nílé. Àwọn tó mọ̀ nípa èdè ọmọdé sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé èdè méjì kì í da ọpọlọ ọmọ rú.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù rèé. Òfin ọmọ ìlú wọn, ti ọdún 1981, ò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú lè gbọ́. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Welsh, tàbí Gaelic ti Scotland. Ẹni tó bá lọ gbé láàárín àwọn ará Wales, tó gbọ́ èdè wọn dáadáa, òfin ti mọ̀ ọ́n.

Ojú Welsh sì ti rí màbo kó tó dé ibẹ̀. Ọdún 1536 ni òfin Ọba Henry Kẹjọ yìí kan náà ti lé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú oyè ìjọba ní Wales. Nígbà tó di bí ọdún 1800 sókè, àwọn ilé ìwé kan níbẹ̀ máa ń ní igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ W.N. sí, wọ́n ń pè é ní Welsh Not. Ọmọ tó bá fẹnu sọ Welsh ni wọ́n máa fi kọ́ lọ́rùn. Tí ọmọ mìíràn bá tún ṣì í sọ, á bọ́ sí ọrùn tìyẹn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé ló máa jẹ pàṣán.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn ara mi. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, páálí bébà ni tiwa, okùn ìkọ́ aṣọ ni wọ́n fi so ó, wọ́n kọ ọ́ sí i pé "Mo jẹ́ òpè, mo sọ vernacular", ní èdè Gẹ̀ẹ́sì dájúdájú. Mo gbé e kọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ kan nítorí pé kòkòrò kan ta mí, tí mo sì kígbe "Yéè, ìyá mi!" Tíṣà tó so ó mọ́ mi lọ́rùn, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Yorùbá ló sì fi ná ọjà nígbà tí mo pàdé rẹ̀ lọ́jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀.

Wales ti yí tiwọn padà. Wọ́n ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní S4C láti 1982, Welsh di èdè ìjọba níbẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2011, ètò ìkànìyàn 2021 sì ka nǹkan bí 538,000 èèyàn tó ń sọ ọ́. Ìjọba Wales ní kó tó di 2050, àwọn fẹ́ kí wọ́n pé mílíọ̀nù kan. Yorùbá ju ìyẹn lọ ní àìmọye ìgbà, àwa la sì ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta pé kó dákẹ́.

Tá a bá wá gbọ́ èdè wọn bíi tiwọn, ṣé wọ́n á gbà wá?

Èyí ni ìlérí tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yíyòrò: bó o bá yòrò, a ò ní dá ọ mọ̀ mọ́, a ò sì ní lé ọ. Ẹ bi àwọn bàbá wa tó gbé Gánà.

Yorùbá pọ̀ ní Kumasi, Accra àti Tamale kí Gánà tó gba òmìnira, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀ffà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń ta ọjà, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ síbẹ̀. Twi, èdè kan ní Gánà, yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu; àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ wọn ò tiẹ̀ tíì fojú kan Nàìjíríà rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n máa lọ. Kò sẹ́ni tó dán Twi wọn wò. Ìwé ni wọ́n béèrè. Títí di òní, ẹ lè bá àgbàlagbà nílùú wọ̀nyẹn tó jẹ́ pé Twi ló fi ń ka owó. Ọdún 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go lọ́jà wa.

Ní ọjọ́ tí Starmer gbé ètò rẹ̀ jáde lọ́dún 2025, ó ní àfàìmọ̀ kí Ìlú Ọba má di erékùṣù àwọn tí kò mọ ara wọn. Ariwo ta, àwọn kan ní ó jọ ọ̀rọ̀ tí Enoch Powell, olóṣèlú tó ta ko àwọn àlejò, sọ ní 1968, òun fúnra rẹ̀ sì ní nígbà tó yá pé òun kábàámọ̀ gbólóhùn náà. Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ níbẹ̀. Ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales sọ pé àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá jẹ́ nǹkan bí 161,000, ìyẹn èèyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún.

Àwa náà ńkọ́, kí là ń béèrè lọ́wọ́ àlejò?

Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 27, níbi tó ti ń sọ bí àjèjì ṣe lè di ọmọ Nàìjíríà. Kò sí A1, kò sí B2. Ọdún 15 ló gbọ́dọ̀ fi gbé níbí. Gómìnà ìpínlẹ̀ tó ń gbé gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á, àti pé ó ti yòrò sínú ìgbé ayé àwọn ará ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, yíyòrò. Iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ohun tí òfin ìwọ̀lú Ìlú Ọba ò kọ sílẹ̀, òun la kọ sínú tiwa, a ò sì sọ bá a ṣe máa wọ̀n ọ́n. Àbí Gómìnà á ní kó wá jẹ ẹ̀bà lójú òun?

Mo pe Màmá Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn: B2, Ecctis, ọmọ tó lè máa sọ Yorùbá rẹ̀ lọ, Wales. Wọ́n ń dá mi lóhùn "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn" títí mo fi parí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

Wọ́n ní, "Welsh tó o wí yẹn, níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ? IELTS ti gbé àbúrò rẹ ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."